Ọwọ́ tí ó Ṣe Ẹ̀bùn Kérésìmesì: Ìtàn Old Garage ní Òṣogbo

Ó jẹ́ àṣà ìwé ọdọọdún wa yìí láti tẹ orúkọ àwọn tí ó fi owó ran ìlú lọ́wọ́ ní ọdún tí ó ń parí lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn àgbà wí pé, yin ẹni, yin ẹni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí orúkọ wọn kò hàn nínú ìwé wa rí, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba ni ọmọ Òṣogbo tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti dàgbà tí kò jẹ wọ́n ní ọpẹ́. Àwọn ni aláró tí ó rẹ aṣọ ọdún wa, aránṣọ tí ó rán an, aránbàtà tí ó tún bàtà wa ṣe, àti awakọ̀ tí ó gbé ẹrù ọdún dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ ní ọdún yìí. Ibi tí a ó dúró sí láti sọ ọ́ ni Old Garage, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo wọn ti pàdé.

BÍ ỌDÚN NÁÀ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní Àgbádárìgì, ní oṣù kejìlá ọdún 1842, ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. ti pàdé, tí wọ́n sì ṣe ìsìn Kérésìmesì tí a kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní ìgbà náà, ìlú ogun ni Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn Ìbàdàn ti dá ogun Ìlọrin dúró lẹ́bàá ìlú wa, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ogun Kírìjì tó parí, kí ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà tó ṣí fún oníṣòwò láti rìn láìbẹ̀rù.

Ohun tí ó sọ Òṣogbo di ọjà ọdún ni ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, kí ó tó tẹ̀ síwájú lọ sí Ìlọrin. Àwọn oníṣòwò òyìnbó tẹ̀lé e wá. Àwọn Kòráà pẹ̀lú kò kẹ́yìn. Ojú irin kò dé Iléṣà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹrù tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Òṣogbo ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, a ó sì fi orí rù ú fún nǹkan bí ibùsọ̀ 20. Nígbà tí mọ́tò dé, ó gba ẹrù náà lórí alárù. Báyìí ni ọkọ̀ ẹrù àti bọ́lẹ̀kájà ṣe rí iṣẹ́ ṣe ní tòsí ibùdókọ̀ ojú irin.

Kò sí gáréèjì tí a bí ní arúgbó. Gáréèjì lásán ni a ń pè é nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ìgbà tí àwọn gáréèjì mìíràn dé ni ó tó di Old Garage. Ẹni tí ó bá dúró ní Nelson Mandela Freedom Park lónìí, àyíká rẹ̀ ni ó wà. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní oṣù kọkànlá, ọmọdé tí ń gbé àdúgbò náà kò nílò kàlẹ́ńdà. Ariwo àgbérò a yí padà. Adìyẹ tí a so lẹ́sẹ̀ a máa ké lórí ọkọ̀, àpò ìrẹsì a máa bọ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà àwọn aránṣọ a sì máa kún fún àwọn ìyá tí ó mú ọmọ wá wọnwọ̀n.

ÌDÍ TÍ OWÓ FI Ń RÌN NÍ ÀKÓKÒ NÁÀ

Kì í ṣe ọjọ́ ìbí Olúwa nìkan ni ó mú kí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí gbóná. Ìgbà kòkó ni. Láti oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá títí wọ oṣù kejìlá ni a ń ká èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó ọdún, tí a ń fọ́ ọ, tí a ń fi ewé bò ó, tí a sì ń sá a. Bí ó bá ti gbẹ, a gbé e lọ fún àwọn tí ń rà á fún Ìgbìmọ̀ Ọjà Kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Láti ọdún 1954 ni irú iṣẹ́ náà ti bọ́ sí ọwọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì parí pátápátá títí ìjọba fi pa àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní ọdún 1986. Owó kòkó ni ó ń san owó aṣọ, owó ìyàwó, owó orí àti owó ìwé ọmọ.

Níbi tí owó kòkó bá dé, òṣómàáló kò ní í jìnnà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni ó mọ òwò yìí jù. Wọn a ru aṣọ dé abúlé, wọn a gbé e fún àgbẹ̀ láwìn, wọn a sì dá ìgbà tí wọn yóò padà wá. Bí ìgbà bá pé, oníṣòwò a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Àwọn kan fi orúkọ náà bú wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa: àwọn ni ó jẹ́ kí àgbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní ìgbà òjò lè fi aṣọ tuntun bo ọmọ rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọjà wọn, òṣó sì ni ilé ẹjọ́ wọn.

A ó padà sí ọ̀rọ̀ òṣó yìí, nítorí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn wà tí kò ní òṣó kankan láti ló.

ÌKÒKÒ ARÓ

Ìlú aró ni a ń pe Òṣogbo láti ayébáyé, orúkọ náà kì í sì í ṣe àpọ́nlé lásán. Ìyá tí ó bá fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ọkọ ní adìrẹ fún Kérésìmesì, kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ewé ẹ̀lú ni a ó kọ́kọ́ gún nínú odó, a ó ṣù ú róbótó róbótó, a ó sì sá a kí ó gbẹ. A ó da eérú sínú ìkòkò tí a ti lu ìdí rẹ̀, a ó bu omi lé e, kí omi eérú máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Inú omi yìí ni a ó rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ púpọ̀. Aláró a máa gbóòórùn rẹ̀, a máa tọ́ ọ wò, títí yóò fi mọ̀ pé ó ti gbó.

Nígbà tí ìkòkò ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ kò dúró. Ẹni tí ń ṣe adìrẹ oníko a máa fi ìko di aṣọ ní kókó kókó. Ẹni tí ń ṣe alábẹ́rẹ́ a máa fi òwú rán an pọ̀. Ẹni tí ń ṣe ẹlẹ́kọ a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí ojú aṣọ, kí aró má baà lè mú ibẹ̀. Ọnà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. A rí Olókun, a rí Ìbàdàndùn, a sì rí Jùbílì tí a ṣe nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní ọdún 1935. Bí a bá ri aṣọ bọ inú aró tí a sì yọ ọ́, ó kọ́kọ́ dàbí ewé. Bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i ni ó ń dúdú. A ó tún rì í, a ó tún yọ ọ́, ní ìgbà púpọ̀. Bí aró òyìnbó àti sóódà ti dé, iṣẹ́ náà yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n sóódà a máa jẹ ọwọ́. Ẹni tí ó bá bọ aláró lọ́wọ́ ní oṣù kejìlá mọ̀ pé ọwọ́ náà dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, pé ó sì le bí èèpo igi.

Aṣọ yìí ni a ń ká, tí a fi ìwé ìròyìn wé, tí a fi rán awakọ̀. Ọmọ tí ó gbà á a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ta ni ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aláró?

ARÁNṢỌ ÀTI ṢÍLÈ 15

Níhìn-ín ni a ti ní láti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ilé ti àwa fúnra wa.

Ní Kérésìmesì ọdún 1961, àwa mẹ́fà ni bàbá wa fẹ́ rán aṣọ fún. Akọ̀wé ni bàbá wa. Ọ̀dọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ni ó ti ra aṣọ náà láwìn, oríṣi kan náà fún gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti ẹnìkejì dára ju tòun lọ. A kó o lọ bá aránṣọ kan ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Bàbá Télọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Mùsùlùmí ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa ti jẹ́. Àwọn ni ó ń ran aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa náà a sì jẹ nínú ẹran wọn ní ọjọ́ Iléyá. Kò sí ẹni tí ó rí i bí ohun ìyanu.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn, Bàbá Télọ̀ kò sùn ní ilé mọ́. Àtùpà a máa jó ní ìsọ̀ rẹ̀ títí di òwúrọ̀, àwọn ọmọṣẹ́ a máa fẹ́ iná èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìránṣọ a sì máa dún bí òjò lórí páànù. Ojoojúmọ́ ni àwa ọmọdé ń lọ wò ó. Bí ó bá ti rí wa, a ní, “Ẹ lọ sùn, tiyín ti wà lábẹ́ rẹ̀.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni ó parí rẹ̀. Ó lọ̀ ọ́, ó sì fi ọmọṣẹ́ kó o ránṣẹ́ sí ilé kí a tó rán ẹnikẹ́ni wá gbà á.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣílè 15. Lẹ́yìn ọjọ́ ọdún, òun fúnra rẹ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.” Bàbá wa ní, “Bàbá Télọ̀, ẹ jẹ́ kí ọdún lọ ná.” Ọdún lọ. Oṣù kìn-ín-ní dé, owó ìwé àti ti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ sì dé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí bí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti ọdún 1955, ọmọ kò lè lọ ní ìhòhò. Òṣómàáló wá lóṣòó ní tirẹ̀. A rí owó fún un ní ọjọ́ kẹta. Bàbá Télọ̀ kò lóṣòó. Ó wá ní ìgbà mẹ́ta sí i, ó jókòó, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà àwa ọmọ, ó sì lọ. Nígbà tí ó yá, kò wá mọ́. Nígbà tí bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn ìkẹyìn, ó pe àkọ́bí rẹ̀, ó ní, “Ẹ bá mi wá àwọn ènìyàn Télọ̀.” A wá wọn. Ìsọ̀ náà ti di ti ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́. Náírà ti rọ́pò ṣílè ní ọdún 1973, ṣùgbọ́n náírà kò pa gbèsè náà rẹ́.

A kò kọ èyí láti tú àṣírí òkú. A kọ ọ́ nítorí pé a ti bi àwọn ẹgbẹ́ wa léèrè, púpọ̀ nínú wọn sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dákẹ́. Wọ́n ní ti ilé àwọn náà wà. Oníṣòwò lè gba ọjà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n aṣọ tí ọmọ ti wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò tú okùn rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn tí a fi ń yangàn ní ọjọ́ náà, aránṣọ ni ó fún wa, kì í ṣe àwọn òbí wa.

OHUN TÍ ỌMỌDÉ FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE

Àwa ọmọdé náà kò jókòó lásán. Agolo mílíìkì àti ti sàdíìnì ni a fi ń ṣe mọ́tò, a ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára bí ti bọ́lẹ̀kájà gidi. Imọ̀ ọ̀pẹ ni a fi ń kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni a ti ń kọrin, tí a sì ń jẹ ohun tí a bá rí. Ẹni tí ó bá ní kọ́bọ̀ a ra ìbòjú oníwèé, bànǹgà, tàbí agogo ọwọ́ tí kì í rìn. Ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ ní ìgbà náà. Nítorí náà, ṣíṣa òkúta inú rẹ̀ pàápàá jẹ́ ayọ̀.

Ìgbà ìkọ́rin sì ni. Òṣogbo yìí kan náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìlù Yorùbá sínú orin ìsìn, tí àwọn kan nínú ìjọ kò sì fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1962 ni ó ṣí Mbárí Mbáyọ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti wá gbọ́ Ọba Kò So.

ẸRÙ TÍ Ó LỌ ÀTI ẸRÙ TÍ Ó BỌ̀

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ẹ̀bùn ti ń wá. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ń kàwé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ilé ni ó ń rán ẹ̀bùn sí wọn. Ọkọ̀ òkun Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ń ná Èkó sí Liverpool ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá tí ó bá fẹ́ kí gààrí, ẹ̀lùbọ́, ata gbígbẹ àti adìrẹ rẹ̀ bá Kérésìmesì, oṣù kọkànlá ni ó ti ń gbé e wá sí gáréèjì tàbí ibùdókọ̀ ojú irin. Àgbérò a kọ àdírẹ́sì sí i lára, ìyá náà kò sì lè kà á. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tí ó kọ ọ́.

Ọ̀nà Gánà pẹ̀lú wà. Àbúrò ìyá wa kan ń ṣòwò ní Kùmásí, kò sì sí ọdún tí ẹrù rẹ̀ kì í dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó kàn, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn. Ní oṣù kejìlá, bí ogun abẹ́lé ti ń lọ lọ́wọ́, àwọn tí ń rán ẹrù wá sílé sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì láìní ẹrù. Dìpọ̀ kan péré ni àbúrò ìyá wa gbé dé. Kò fẹ́ jáde, nítorí ojú ń tì í pé òun kò mú nǹkan kan bọ̀ fún àwa ọmọ.

Obìnrin aláró kan ní àdúgbò wa gbọ́. Ó di adìrẹ mẹ́fà, ó gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Ẹ máa tà á ná. Bí ẹ bá rí owó, ẹ mú tèmi wá; bí ẹ kò bá tètè rí i, kò sí ìjà.” Adìrẹ mẹ́fà náà ni àbúrò ìyá wa fi tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó san gbèsè náà kí Àjíǹde tó dé. Nígbàkigbà tí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Kérésìmesì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tí a kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni ó fún wa ní èyí tí ó tóbi jù.

OHUN TÍ Ó YẸ WÁ

Ayé ti yí padà. Nígbà ìjọba Gómìnà Aregbesola, a rí ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ń kó àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa bọ̀ láti Ìddó ní àkókò Kérésìmesì àti Iléyá, ibùdókọ̀ náà sì tún kún bí ti àtijọ́. Lónìí, owó a gba inú fóònù dé kí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ tó jókòó. A kò bú u; a dúpẹ́. Aṣọ tí a ti rán láti òkèèrè kún ọjà, ìkòkò aró sì ti dínkù ní agbolé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùdó tí Níkẹ̀ẹ́ Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983 ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé kí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ má kú tán kí a tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín ní ohun mẹ́ta. Èkíní, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé gbèsè aránṣọ, àwòrán ìsọ̀, tàbí orúkọ aláró, aránbàtà àti awakọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní Old Garage, kí ó mú un wá fún akọ̀wé Ẹgbẹ́, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún tí ń bọ̀. Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ jẹ́ kí apá kan rẹ̀ jẹ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ tí a ṣe ní ilé. Ẹ̀kẹta, kí á san owó oníṣẹ́ kí ọdún tó pé. Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí ni a ó ti wí nípa ẹni tí kò dúpẹ́, tí kò sì sanwó?

Bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a ti kó aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní àyíká Old Garage. A béèrè orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, a kọ ọ́ sílẹ̀. A sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré kí ó tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ. Ó wò wá tìyanu-tìyanu. A kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.